Ẹsẹ̀ Irin Tí Kò Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí a jọ ń dúró de Sísítà ní ilé ìwòsàn yìí. Àlá kan wà tí mo fẹ́ rọ́ fún yín, ibí yìí gan-an ni mo sì ti lá a lọ́sàn-án àná. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín méjì tán, mo ti àga onítáyà mi sún mọ́ tábìlì tí wọ́n ń kó káàdì sí, mo fi orí lé apá, oorun sì gbé mi lọ. Àwọn kan ní àlá ọ̀sán kò nítumọ̀. Èmi kò wá ìtumọ̀, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ mí, kó mọ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni Oyèníran Àkànó, ọmọ Àyọ̀ká, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá iléeṣẹ́ tẹlifóònù ṣiṣẹ́, òpó ni mò ń gùn. Bí wáyà bá já níbikíbi láàárín Ìlọrin sí Ọ̀yọ́, èmi ni wọ́n ń ké sí. N ó gùn ún, n ó so ó, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lábẹ́ ìka mi. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ìjọ wa ní kí n wá bá àwọn tú wáyà kúrò lórí òpó àtijọ́ kan. Wọ́n gbé àkàbà wá fún mi. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi àkàbà ṣe? Ṣé èmi ni wọ́n ń gbé àkàbà fún? Àṣé ikán ti jẹ inú òpó náà tán, ó sì bá mi wó lulẹ̀. Ó di ọdún méje báyìí tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Dókítà ní okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi kò já tán, pé ó ku fẹ́ẹ́rẹ́. Èmi tí mo so wáyà gbogbo ayé, n kò rí tèmi so.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ìyá mi ló dùn mí jù. Ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Nílé wa, bí ọmọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀, yóò na ọwọ́ sísàlẹ̀, yóò máa fi gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò sì máa kì í. Ọwọ́ yẹn àti oríkì yẹn ni mo fi dàgbà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àga onítáyà tì mí dé iwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, kò bá ẹ̀yìn mi níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó bá orí mi, ó sì ká ọwọ́ kò. Ó ní, "Àkànó, mi ò ní í kì ọ́ lórí ìjókòó. N ó bá ọ pa á mọ́. Ọjọ́ tó o bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, n ó kì ọ́ títí ẹnu ó fi rẹ̀ mí."

Àwọn àbúrò mi gbé mi, wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ó ní ẹni tí wọ́n gbé sílẹ̀ kò dọ̀bálẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bínú sí i. Ní báyìí, ìbínú ti tán, ẹ̀rù ló kù. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún ló ń bá mi pa oríkì mi mọ́ sínú. Bó bá wá bá a lọ ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè gbà nígbà tí Sísítà Mopélọ́lá sọ fún mi pé ẹsẹ̀ irin kan ti dé, tí a ń wọ̀ sórí ẹsẹ̀ ara ẹni bíi ṣòkòtò. Ó ní ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ohun tí iṣan ẹsẹ̀ ń sọ, ó ń gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń rò, yóò sì gbé ènìyàn rìn. Àná ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò lára mi. Ibi tí mo ti ń retí kí ó kàn mí ni mo ti sùn.

Nínú àlá náà, bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé yìí ló kọ́kọ́ dìde. Alàájì, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ wà lórí rẹ̀. Ó gbọn gbogbo yín dànù, ó sì wá tò sẹ́yìn mi lórí ìlà.

Mo ní, "Bẹ́ǹṣì, kí lò ń wá?"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, bàbá, n kò tíì fi ọ̀kankan rìn rí. Mo wá rí Sísítà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ burú ju tèmi lọ, mo sì ní kó kọjá síwájú mi. Ó wọlé, kò pẹ́ tó fi gba ojú fèrèsé jáde, a sì gbọ́ pé ó ti ń sún mọ́ Ìlọrin.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ irin wọlé, òun nìkan, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, ó ga dé ìbàdí ènìyàn. Ó ń kí gbogbo wa káàkiri: "Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìjókòó." Yorùbá rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n imú ló ń gbà jáde, bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ èdè wa. Ó ní ojú ọ̀nà láti pápákọ̀ òfurufú ni, pé mọ́tò tó gbé òun kò yára.

Ó dúró síwájú mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wọ̀ yín."

"Ṣé kì í ṣe èmi ni n ó wọ̀ ọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká gbà pé a jọ ń wọ ara wa ni."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, mo sì gbà. Sísítà Mopélọ́lá bá jáde láti inú àpótí tábìlì. Kò ga ju ìka mi yìí lọ. Ó gun itan mi, ó ń lẹ ike pélébé-pélébé mọ́ ọn, mẹ́fà sọ́tùn-ún, mẹ́fà sósì. Ó gun àyà mi dé èjìká, ó fi fìlà oníwáyà dé mi lórí. Ó ní, "Bàbá Tẹlifóònù, ẹ má mira, mo fẹ́ gbọ́ yín." Mo ní n kò sọ nǹkan kan. Ó ní, "Kì í ṣe ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́."

Èmi náà bá gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹran itan mi ń sọ̀rọ̀! Ohùn rẹ̀ kéré bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Ọdún méje ni mo ti ń fọ itan yìí bí ẹni tó ń fọ ẹran ẹlẹ́ran. Mo ti já a léèékánná, mo ti gbá a, n kò mọ̀ ọ́n lára. Èmi ti rò pé ó ti kú. Àṣé kò kú. Ó ń sọ pé, "Ta ló ń pè? Ta ló ń pè mí?" Orí mi wú.

"Sísítà, ta ló ń pè é?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó ní kí n wọlé lọ wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wọ inú orí ara mi. Kò ṣe mí bí èèmọ̀ rárá. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé n kò bọ́ bàtà.

Inú orí mi jẹ́ gbọ̀ngán tí a ti ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀, irú èyí tí mo mọ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n n kò rí òpin tirẹ̀. Iná tín-ín-tín ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, lọ títí, ó pọ̀ ju iná tí ènìyàn lè rí lọ bó bá dúró sórí òkè tó ń wo gbogbo Ìbàdàn nísàlẹ̀. Wáyà tó wà ní igun kan ṣoṣo níbẹ̀ ju gbogbo èyí tí mo fi ọgbọ̀n ọdún nà lọ. Kò sí ọ̀kan tó lọ́ pọ̀ mọ́ èkejì. Ta ló so wọ́n? Èmi òṣìṣẹ́ wáyà, mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ṣé èyí ni mo ń gbé kiri lọ́rùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, tí mo wá ń fi gbogbo rẹ̀ bínú sí ìyá mi?

Ọmọbìnrin kan jókòó sí igun, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó fi tẹlifóònù há etí. Ó ń sọ pé, "Hẹ́lò, Ẹsẹ̀ Ọ̀tún. Hẹ́lò. Ilẹ̀ ti mọ́, ó yá ká dìde." Ó dúró díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó tún pè: "Hẹ́lò, Ẹsẹ̀ Òsì."

Mo ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà wo lo ti ń pè wọ́n?"

"Ọdún méje, sà. Láràárọ̀ ni."

"Wọn ò sọ fún ọ pé wáyà ti já ni?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí. "Ẹ̀yin ni wọ́n sọ fún, sà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Èmi ti gba kámú, mo ti fi bàtà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ta ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́rẹ. Òun jókòó sínú orí mi, ó ń pe ẹsẹ̀ mi láràárọ̀, kò gba ìsinmi ọdún, kò ṣàìsàn. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó ṣeun. Ó ní iṣẹ́ òun ni.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn kan ti dáhùn lórí wáyà pé, "Hẹ́lò?" Ohùn imú ni. Ẹsẹ̀ irin ló gbé e. Ọmọbìnrin náà ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó pariwo, gbogbo iná inú orí mi sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ni mo bá dìde dúró. Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí náà ló rọrùn. Mo rò ó pé n ó dìde, mo sì bá ara mi lókè. Ọdún méje ni mo ti ń fi ojú bá ìgbànú ènìyàn pàdé, mo ti gbàgbé bí àtàrí wọn ṣe rí. Mo rí orí yín, Alàájì, ó ti ń pá láàárín. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo ṣì wà níbi tí a jókòó sí yìí. Mo gbé èkejì, mo wà ní àgbàlá ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ wá òkúta nínú ẹ̀wà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó gbé àtẹ ẹ̀wà sápá kan, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kúulé, mà," mo sì kọ àyà sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

"Ìṣubú!" ni ẹsẹ̀ irin pariwo. "Ìṣubú! Ìṣubú!" Ó fà mí sókè bí ìgbà tí wọ́n ń fa korobá láti inú kànga.

Mo ní, "Kí ló dé?"

"Ẹ̀ ń ṣubú, bàbá. Mo gbà yín là."

"N kò ṣubú. Ìyá mi ni mò ń kí."

Ó dàrú. Ó ní, "Níbi tí wọ́n ti kọ́ mi, ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ni mo gbọ́ iṣan wọn. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ti kọrí sílẹ̀, ó ń ṣubú ni. Wọ́n ní kí n dì í mú. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé òun ń kí ènìyàn."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ìyá wọn?"

"Wọ́n ń juwọ́."

Mo tún gbìyànjú, ó tún fà mí sókè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fà mí débi pé n kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ìyá mi ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń rá bàbà, ó ń wá ẹ̀yìn tí yóò gbé e lé.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá mi wí. "Ta ló ga báyìí tó dúró lé mi lórí?"

"Èmi ni, mà. Àkànó ni."

"Àkànó tèmi mọ ilẹ̀," ó ní. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé àtẹ, ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó dùn mí dé mùdùnmúdùn. Ó ṣe mí bíi kí n bọ́ ẹsẹ̀ irin náà dànù kí n sì ṣubú lóòótọ́.

Ẹsẹ̀ irin mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Kò sí ohun tí mo lè ṣe láìsí ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ́fíìsì Ìsọ̀kalẹ̀." Mo ní níbo ló wà. Ó fi ọmọ ìka irin nà án sókè. Ọ́fíìsì kan ń léfòó lókè òrùlé ìyá mi, ó ní fèrèsé, ó ní fáànù, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kó má bàa lọ. Láti gba àṣẹ kí á lè kan ilẹ̀, òkè la máa kọ́kọ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba.

A gun okùn náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo gbàgbé ìbànújẹ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Iṣan itan mi ń sọ fún ẹsẹ̀ irin pé "gbé e," ẹsẹ̀ irin ń dáhùn pé "mo ti gbé e," afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi létí, mo sì rí àwọn òpó tí mo rì mọ́lẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ mi, wọ́n tò lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ títí ojú kò fi rí wọn mọ́. Gbogbo wọn ń kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kí wọn, wọ́n sì dá mi lóhùn.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà wọ kóòtù, ó ta táì. Akọ̀wé mẹ́rin jókòó yí i ká.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìgbéga lẹ wá gbà?" ó ní, kò gbójú sókè.

"Rárá, sà. Ìsọ̀kalẹ̀ ni."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà lórí àga yìí. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́." Ó ní kí àwọn akọ̀wé wá wò mí, wọ́n sì wò mí. "Ibo lẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀ dé?"

"Ilẹ̀, sà."

"Ẹ̀rí wo lẹ ní pé ilẹ̀ wà?"

"Ìyá mi ló jókòó lé e."

"Ìyẹn ò tó. Ẹ mú fọ́tò wá, méjì."

"Fọ́tò ìyá mi, sà?"

"Fọ́tò ilẹ̀. Kó kọjú síwájú, kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn."

Mo ń wá fọ́tò ilẹ̀ nínú àpò mi, ó tilẹ̀ dá mi lójú pé mo ní ọ̀kan nílé, nígbà tí aago lu méjì. Ọ̀gá náà di òbúkọ. Akọ̀wé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ewúrẹ́. Àkókò iṣẹ́ ti parí, n kò lè bá wọn wí. Òbúkọ náà kò tilẹ̀ bọ́ táì rẹ̀. Wọ́n kọjú sí àwọn fáìlì, wọ́n ń jẹ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n sì ṣe ń jẹ ni ọ́fíìsì náà ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìwé ló ti ń gbé e dúró lókè láti ọjọ́ yìí.

A ti dé ìbádọ́gba òrùlé nígbà tí ìyá ewúrẹ́ ńlá kan ti ojú ilẹ̀kùn wọlé, ọmú rẹ̀ kún dẹ́dẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló wá ṣe. Ọ̀gá tó di òbúkọ rí i, ó ké "mẹ̀ẹ́," ó sáré. Ó ká ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ti òun ti táì lọ́rùn, ó sì ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Ìyá ewúrẹ́ yíjú padà, ó ń lá a lẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ irin gbé mi sún mọ́ wọn.

"Bàbá, ṣé ọ̀gá yẹn ṣubú ni?"

"Kò ṣubú."

"Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀."

"Ó kanlẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò sì tì í."

"Ẹnikẹ́ni ò tì í. Ìyá rẹ̀ ló rí."

"Ẹ tún wo bó ṣe ń ju ìrù," ẹsẹ̀ irin wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, kò gba imú mọ́. "Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn, bàbá, kò sí ẹni tó fi èyí hàn mí. Ẹ kọ́ mi."

Mo ní, "Ẹnu mi ò lè kọ́ ọ. Tẹ́tí sí ẹran ara mi."

Ọ́fíìsì náà balẹ̀ sí àgbàlá bí ìyẹ́ adìẹ ṣe ń balẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ jáde, wọ́n lọ wá èèpo iṣu lẹ́yìn ilé. Mo dúró níwájú ìyá mi, n kò mira. Mo kàn rò ó ni. Mo rò ó pé n ó kan ilẹ̀ tí ìyá mi ń tẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin inú orí mi pè, mo sì ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Ó gba ọrùn mi, ó gba àárín èjìká méjèèjì, ó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn mi títí ó fi dé ibi tí wáyà ti já kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó dé etí odò tó bá igi kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣe afárá. Ó gbé ẹsẹ̀ lé igi náà, ó rọra ń kọjá, ó kọjá. Itan mi ní, "Mo gbọ́." Ẹsẹ̀ irin ní, "Èmi náà gbọ́." Ẹ wo ohun tó kéré ju èèrà lọ, tí ojú kò rí, òun ló fẹ́ gbé odindi ọkùnrin bí èmi yìí sọ̀kalẹ̀! Kí ló kù tí Ọlọ́run kò lè ṣe?

Orúnkún mi ká. Ọwọ́ mi kanlẹ̀, àyà mi kanlẹ̀, iwájú orí mi kanlẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí tí wọ́n gbá. Ìyá mi kò ṣa ẹ̀wà mọ́. Mo gbọ́ tí aṣọ rẹ̀ ń dún, ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì bà lé mi lẹ́yìn. Ó gbẹ, ó fúyẹ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà ló rí.

"Àkànó," ó ní. Ó fà á gùn, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu…

"Bàbá Tẹlifóònù, ó kàn yín o."

Mo la ojú. Ọwọ́ wà lẹ́yìn mi lóòótọ́, ó ń gbá mi jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Sísítà Mopélọ́lá ni. Mo dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, káàdì ẹnì kan lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n bá Sísítà jà. Bó bá jẹ́ pé ó fi ìṣẹ́jú kan péré ṣe sùúrù fún mi! Ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń sunkún, mo ní ata mọ́ínmọ́ín ni.

Ó tì mí wọ yàrá. Ẹsẹ̀ irin wà níbẹ̀, wọ́n fi kọ́ ara irin ńlá kan, kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi bẹ́líìtì dì mí mọ́ ọn, wọ́n lẹ ike pélébé mọ́ itan mi, wọ́n fi fìlà oníwáyà dé mi. Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà, ó nà tọ́ọ́rọ́. Sísítà ní, "Ẹ rò ó pé ẹ̀ ń rìn, Bàbá." Mo rò ó, ìlà náà sùn síbẹ̀. Ó ní kí n rò ó pé mò ń gun àtẹ̀gùn. Mo rò ó títí òógùn fi bò mí. Ìlà náà kò mira. Ó ní kí n má dààmú, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún méje ni.

Mo di ojú. N kò ro ìrìn mọ́, n kò ro àtẹ̀gùn. Mo ro àgbàlá ìyá mi, mo ro ọwọ́ tó nà sísàlẹ̀ tí kò bá nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà dún. Sísítà kígbe. Nígbà tí mo la ojú, ìlà náà ti fò dé òkè, ó ń gbọ̀n, orúnkún irin sì ti ká díẹ̀ pẹ̀lú tèmi nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni aago kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù tí ẹsẹ̀ náà sì gan pa.

"Bàbá! Kí lẹ rò?"

"Ìyá mi ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀rọ kọ ọ́ síbí pé ẹ̀ ń ṣubú."

Mo ní, "Ẹ pa á rẹ́, Sísítà. Ẹ kọ ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó pa èyí tí ẹ̀rọ kọ rẹ́, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé òun fi àmì sí i lórí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá ní, "Ó yá, Bàbá. Ẹ tún un ṣe kó rí i dáadáa."

Mo tún un ṣe.